Bẹ́ẹ̀dì Onídẹ Tí Kì Í Padà Lófìfo

Ọ̀sán gangan ni ọkọ mi wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò bínú, kò pariwo, kò gbá ilẹ̀kùn. Ó gbé ife tíì rẹ̀ àti aago kékeré tó máa ń wà lórí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì sórí fíríìjì, ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá lọ, ó dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Mo rò pé oorun ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, tó tún yí po, mo mọ̀ pé kì í ṣe oorun.

Ìgbà náà le. Ẹni tó bá gbé Àkúrẹ́ nígbà yẹn kò ní bi mí bó ṣe le tó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù ní Ijapo, àdúgbò wa, láàárọ̀ ni mọ́tò wọn máa ń tò jáde bí ìjàlọ. Kò pẹ́ tí àwọn mọ́tò náà fi dúró gbagidi sójú kan, tí táyà wọn rọ̀, tí àwọn ọkùnrin tó máa ń so táì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro koríko àyíká ilé wọn lójú ọ̀sán. Àwọn kan ń fi mọ́tò wọn kérò lọ sí Oǹdó. Àwọn kan gba abúlé lọ. Bóyá ojú tì wọ́n, bóyá ojú kò tì wọ́n, wọ́n ṣáà ń ṣe é. Tèmi ní tirẹ̀, ògiri ló ń wò.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí àrùn kankan níbẹ̀. Dókítà ní kó máa jẹun. Pásítọ̀ ní kó máa gbàdúrà. Kò gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Bí mo bá ro ẹ̀kọ gbígbóná fún un, á gba díẹ̀ sẹ́nu nítorí ẹ̀bẹ̀, á gbé e mì bí ẹni ń gbé òògùn mì, á tún yí padà. Eegun èjìká rẹ̀ yọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú. Nígbà tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, mo lè fi ọwọ́ kan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ẹ̀rù a sì bà mí débi pé mo máa ń yára fi omi bọ́jú kó má bàa rí mi.

Ẹ má jẹ́ n tàn yín, èmi kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́. Mo bá a jà. Mo bú u. Mo ní ìjọba kàn lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọn kò ní kó kú. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo kó àwọn ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Oǹdó kí wọ́n má bàa máa wo bàbá wọn bó ṣe ń tán lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo wá mọ bí ilé náà ṣe dákẹ́ tó. Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, n ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń mí. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé ò ju kó yíjú kúrò lára ògiri yẹn lọ.

Eku ló mú mi dé ìdí páálí náà. Mo lé e wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, mo sì fa páálí kan jáde tí mo ti gbàgbé pé a ní. Àwọn ọwọ́ ilẹ̀kùn onídẹ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òrùka kọ́tìnnì onídẹ, tí wọ́n ti dúdú bí igbá òrí. Ọkọ mi ló rà wọ́n nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà. Ó ní tí òun bá ti kun ilé tán, òun á fi idẹ ṣe gbogbo pálọ̀ lẹ́ṣọ̀ọ́ fún mi. Ó kun ilé dé ìdajì, owó oṣù dúró.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú páálí náà lórí itan mi, mo sì rántí ibi tí ìfẹ́ idẹ yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Oǹdó ni, nílé ìyá ìyá mi, nígbà tó ń wá mi bọ̀. Ìyá àgbà mi ṣòwò kòkó nígbà tí kòkó ń mówó wá, ohun tí kòkó sì fún un, idẹ ló fi rà. Tíréè idẹ ló kọ́ sára ògiri. Ìkòkò òdòdó onídẹ ló wà ní igun pálọ̀, fìtílà idẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì idẹ ńlá kan wà nínú yàrá rẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù idẹ rìbìtì lórí. Ilẹ̀kùn ṣí lọ́jọ́ náà, ọkọ mi rí ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀lù náà, imú rẹ̀ fẹ̀ bẹẹrẹ, ó sì bú sẹ́rìn-ín níwájú àgbàlagbà. Ó yẹ kí ìyá àgbà bínú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí ọmọ Àkúrẹ́ yìí wá kọ́gbọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n ó fẹ́ ẹ.

Ẹni tí ẹ̀rín yẹn wà nínú rẹ̀ kò lè ti tán pátá. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Bí kò bá lè dìde lọ bá ìmọ́lẹ̀, n ó gbé ìmọ́lẹ̀ wá bá a. N ó ṣe pálọ̀ náà bó ṣe fẹ́ kó rí, n ó gbé e kúrò nínú yàrá òkùnkùn yẹn, n ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà mi ní ojú fèrèsé, kó ṣí ojú kó rí idẹ tó yí i ká. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn? Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Mo wọ mọ́tò Oǹdó lọ́jọ́ kejì.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí gbogbo àdúgbò wa ní Oǹdó mọ̀ nípa bẹ́ẹ̀dì náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ ìyá àgbà mi fúnra rẹ̀ sórí rẹ̀ nígbà tó kú, kò sí àgbàlagbà kan nínú ẹbí wa tó kú tí wọn kò tẹ́ síbẹ̀. Wọ́n á gbé e jáde láti yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, wọ́n á ta aṣọ funfun sórí rẹ̀, àwọn ènìyàn á tò wọlé wá wo òkú. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á tú u, wọ́n á dá a padà sínú òkùnkùn. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n bí ìyá mi sí. Mo ní idẹ ni idẹ ń jẹ́, ènìyàn ló ń fi iṣẹ́ rán an.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo wá gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí tó ń bó kalẹ̀. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo yára ní kò sí ohun tó ṣe ọkọ mi, ó wà láàyè, mo kàn fẹ́ fi ṣe ilé lẹ́ṣọ̀ọ́ ni. Ó ní òun gbọ́. Mo tún búra. Ó tún ní òun gbọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í la ọ̀rọ̀ òkú mọ́ ènìyàn lórí. Ẹni tó kú a máa "sinmi", a máa "rìnrìn àjò", ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àlejò pé ara rẹ̀ ń yá bọ̀. Bí mo ṣe ń búra tó ni ó ṣe ń dá a lójú tó pé mo ti di opó. Nígbà tó sú mi, mo dákẹ́, ó sì gba ìdákẹ́jẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí wá. Ṣùgbọ́n kó tó fi lé mi lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ọma mi, ṣé o mọ̀ pé a kì í dá a padà lófìfo? Bó bá ti jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sùn lórí rẹ̀ kó tó wálé."

Mo mọ̀. Oorun tí a kì í jí nínú rẹ̀ ló ń sọ, láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Bẹ́ẹ̀dì yìí ní tirẹ̀ kò mọ ẹ̀yìn. Mo dá ìyá mi lóhùn pé kí bẹ́ẹ̀dì náà má padà wálé mọ́ nígbà náà, mo sì gba kọ́kọ́rọ́.

Píkọ́ọ̀pù tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ló gbé wa. Èmi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, mo di orí bẹ́ẹ̀dì mú kó má bàa họ tíréè, fìtílà àti ìkòkò òdòdó méjì tí ìyá mi tún kó lé e. Ní gáréèjì Oǹdó, àwọn obìnrin rí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì rí mi tí mi ò di irun, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ní kò sí ẹni tó kú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún kí mi. Inú bí mi débi pé mo kọ ẹ̀yìn sí wọn títí mọ́tò fi gbéra. Mi ò mọ̀ pé ará Ilu-Abo, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń dá oko ẹ̀gẹ́.

Mo fi gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e fọ idẹ. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí eérú èèpo kòkó, mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti ya ra á, mo ra á títí ọsàn fi wọ gbogbo egbò ọwọ́ mi. Mo bọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ kúrò, mo sì de ti onídẹ mọ́ ọn. Mi ò ní irinṣẹ́, ẹnu ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi yí àwọn síkúrù náà. Mo fi òrùka kọ́ kọ́tìnnì. Mo kan tíréè mọ́ ògiri tí ọ̀dà kò dé, kó bo ojú àbùkù. Mo to bẹ́ẹ̀dì náà sí ojú fèrèsé, mo ta aṣọ ìbora funfun sí i, torí òun nìkan ló kù tí kò tíì gbó. Ìkòkò òdòdó méjì, mo gbé ọ̀kan sórí, mo gbé ọ̀kan sí ẹsẹ̀, mo já òdòdó pupa láti ọgbà sí wọn. Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì tó sì kan gbogbo rẹ̀, mo dúró láàárín pálọ̀, mo sunkún, nítorí pé ó rí gan-an bó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi.

Mo wẹ̀ ẹ́. Mo gé irun rẹ̀. Mo wọ bùbá funfun fún un, mo gbé e jáde lápá mi bí ẹni gbé ọmọ, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó rọra na ìka kan, ó fi kan irin idẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìka náà sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ojú. Mo sáré lọ sí ilé ìdáná lọ ro ẹ̀kọ pẹ̀lú ayọ̀ kan tó ń dẹ́rù bà mí.

Ìró ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé, àwọn obìnrin ilé wọn tẹ̀ lé e láti Ilu-Abo, wọ́n ru iṣu, wọ́n gbé epo. Mo ti ń retí kí ó bú mi pé n kò ránṣẹ́. Kò bú mi. Ó dúró lójú kan, ó wo idẹ, ó wo aṣọ funfun, ó wo òdòdó ní orí àti ní ẹsẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ tó di ojú pẹ̀lú irun gígé. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, oríkì tó fi ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń pọ̀n ọ́n. Ni àwọn tó kù bá figbe ta.

Mo ní ó ń mí. Wọn ò gbọ́. Mo ní ẹ dákẹ́, ọkọ mi ò kú. Ọ̀kan nínú wọn gbá mi mọ́ra, ó ní kí n sunkún, kí n má dì í mọ́nú. Orí èjìká obìnrin yẹn ni mo ti wo bẹ́ẹ̀dì náà pẹ̀lú ojú tiwọn. Mo rí ohun tí ọwọ́ ara mi ṣe. Kò sí ohun tó kù tí mi ò ṣe tán. Mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti gé irun rẹ̀, mo ti wọ̀ ọ́ láṣọ, mo ti tẹ́ ẹ. Mo wo àyà rẹ̀, mi ò rí i kó sún. Àwọn obìnrin ń sunkún, èmi náà ò wá mọ̀ mọ́ bóyá irọ́ ni mò ń pa.

Mo já ara mi gbà. Mo fa tíréè kékeré kan yọ lára ògiri, tòun ti ìṣó, mo sì gbé ojú rẹ̀ sí ihò imú rẹ̀. Idẹ náà ń dán. Ó ń dán, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, mo rí ẹnu mi tó là sílẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni ibì kan ṣú lójú idẹ náà, fúlẹ́fúlẹ́, bí ojú gíláàsì láàárọ̀ ọyẹ́. Ó ká kúrò. Ó tún ṣú.

Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wò ó. Ohùn rẹ̀ dá. Ibi tí gbogbo ilé ti dákẹ́ ni ọkọ mi ti la ojú, ó wo àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀, ó wo omijé ojú wọn.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ùwọ ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí díẹ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Mo rí i bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wo òdòdó, ó wo bùbá ọrùn rẹ̀, ó wá wo èmi tí mo dúró pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò mí láti ọjọ́ tó ti gbé ife àti aago wálé. Ó di irin idẹ mú, ó fa ara rẹ̀ dìde. A fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó kọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó gbé ìkejì, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ní kí n fún àwọn àlejò òun lóúnjẹ.

Kò sí oúnjẹ nílé. Ó rí i lójú mi. Ojú tì í, mo rí ìtìjú náà, mo sì dúpẹ́ fún un, nítorí òkú kì í tijú. Àwọn obìnrin ni wọ́n dìde, wọ́n bó iṣu tí wọ́n gbé wá fún ìsìnkú, wọ́n sè é, wọ́n gún un. Ọkọ mi bá wọn jókòó, ó sì jẹ nínú oúnjẹ òkú ara rẹ̀. Kò jẹ púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti inú àwo dé ẹnu, ó ń sọ fún mi pé afẹ́ ni àwa ará Oǹdó mọ̀, pé ta ló ń fi nǹkan òkú ṣe ilé lẹ́ṣọ̀ọ́. Omijé ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

N kò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọjọ́ wà tó tún kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n kò gun bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí oko ní Ilu-Abo, á kó ẹ̀gẹ́ bọ̀, á kó amọ̀ bọ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá mi kó àwọn ọmọ wá wò ó. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bi mí nípa bẹ́ẹ̀dì.

Mo sọ fún un pé mo ti rí ọ̀nà sí i. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi dìde lórí rẹ̀ ni èmi ti ń sùn síbẹ̀. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó bá wù yín. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ ohun tí pásítọ̀ á sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e jáde, ọkọ mi ni mo sì tẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Bí bẹ́ẹ̀dì náà bá ní ẹni tó ń wá, mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ló máa bá níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ tí mo bá gun orí rẹ̀, mo sì ń gùn ún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ọkọ mi ti oko dé, ó bá mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, lẹ́bàá fèrèsé, láàárín idẹ tó ti ń dúdú. Ó bi mí ìdí tí n kì í fi í sùn ní yàrá mọ́. Ó rò pé mo ń bínú sí òun. Kì í ṣe ọmọ Oǹdó, kò mọ òfin náà. Mo sọ ọ́ fún un, mo sì sọ èyí tí mò ń ṣe nípa rẹ̀.

Omi òjò ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ fọ amọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì padà wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Sún fún mi."

Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, sún. Bó bá dé, kó bá àwa méjèèjì."

Mo sún. Ó gun orí rẹ̀, idẹ náà dún, ó dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí mi.